Oríkì Bọ́ọ̀tù Ó-Máa-Fẹ̀

Láti Ọ̀ṣódì dé Máfolúkù kò jìnnà, síbẹ̀ gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti lé ròrò kí n tó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Nítorí òjò àti gọ́tà tí kò ní ìdérí ni mo ṣe ní kí n ra bọ́ọ̀tù tó nípọn, tí n ó máa fi rin ìrìn ojoojúmọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní Yábà fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní: “Kọ́sítọ́mà mi, ó máa fẹ̀.” Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ jẹ́ n kì í.

Ó-máa-fẹ̀, ọmọ Ó-fún-mọ́-ni-lẹ́sẹ̀!
Ó-máa-fẹ̀, o kú ilé, o kú ọ̀nà, o kú oró.
Wọ́n ní o máa fẹ̀, egbò ló fẹ̀.
Wọ́n ní o máa fẹ̀, ìrìn mi ló fẹ̀: mo ń yasẹ̀ kiri àdúgbò, àwọn ọmọdé ń bi ara wọn pé kí ló ṣe bọ̀ọ̀dá.
Wọ́n ní o máa fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni o fi mí ṣe.
Mo fẹ́ ọ, o kò fẹ́ mi.
Mo ní kí o fún mi láyè, fífún ni o fún mọ́ mi.

Oníhò mẹ́jọ, olókùn gígùn: mo dè ọ́ láàárọ̀, o dè mí títí di alẹ́.
Arìn-kóko-kó lórí afárá, tí olówó rẹ̀ ń rìn tìrò-tìrò.

Pọ̀nmọ́ tó sá fún ìkòkò!
Ẹgbẹ́ rẹ wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ó ń rọ̀. Ìwọ wà lẹ́sẹ̀ mi, o ń le.
Ẹgbẹ́ rẹ pàdé ata, ó tẹríba. Ìwọ pàdé ẹsẹ̀ mi, o ṣojú kókó.
Ènìyàn ní í jẹ pọ̀nmọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìwọ ni pọ̀nmọ́ tó jókòó ti ènìyàn, tó bu ẹran jẹ.
Ní 2022, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Sàríà sọ pé ó yẹ kí wọ́n fòfin de pọ̀nmọ́ jíjẹ, kí awọ lè kù fún àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́. Àwa tí a fẹ́ràn pọ̀nmọ́ pariwo. Èmi tí mo ti wọ Ó-máa-fẹ̀ wá ń bẹ̀ yín: ẹ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má ṣẹ́ ègé kan kù fún ṣúmékà!

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ sinmi ná, inú ń bí mi. Ẹni tó tà á mọ̀. Ó mọ̀ pé awọ gidi a máa rọ̀, a sì máa fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kì í gùn. Bí ọmọ ìka bá ti kan iwájú bàtà nínú ọjà, bí yóò ṣe máa kàn án nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n kùn bí awọ kò tilẹ̀ ní fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ a máa wú bí ọjọ́ bá ṣe ń rọ̀. Kí ló dé tí kò ní kí n padà wá nírọ̀lẹ́? Ẹyọ kan péré ló nà sí mi, ó so èkejì mọ́ òkè, ó ní kí n dúró lórí páálí. Ẹ má gbà! Ẹ wọ méjèèjì, tẹ̀yin ti ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa lò, kí ẹ rìn dáadáa. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ bí ẹ ti ń gbẹ́sẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ìyà kì í sọ bàtà kékeré di ńlá.

Ó yá, Ó-máa-fẹ̀, má bínú, mo ti padà sídìí iṣẹ́ mi.
A-gba-òrí-ju-ọmọ-tuntun-lọ: mo fi òrí ra ọ́, mo tẹ̀ ọ́ síwá, mo tẹ̀ ọ́ sẹ́yìn.
Ọba tí kì í jáde: inú ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́ díẹ̀ díẹ̀, láti yàrá dé ilé ìdáná, mo ń bọ́ ọ kí o tó bù mí jẹ.
Ẹni tí onílù bá kì a máa ki ọwọ́ bọ àpò. Ìwọ ni mo kì, èmi náà ni mo ń náwó: owó pílásítà, owó ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, owó kòròpé lójoojúmọ́.
Bàtà tí mo rà láti máa fi rìn, tó sọ mí di èrò ọkọ̀!
Egbò ti fẹ̀, ìnáwó ti fẹ̀.
Ó ku ìwọ o.