Aládùúgbò Rélùwéè

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà lè má mọ ibi tí òfin tọ́jú ọkọ̀ náà sí tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, rélùwéè ni nọ́ńbà 55 nínú àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nọ́ńbà 54 ni ìsémọ́lé nítorí àrùn. 56 ni ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ ò rí i pé àárín àrùn méjì ló wà!

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó tú rélùwéè sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ ẹ má retí ìtàn nínú ìwé àtúnṣe o. Yọ tibí, fi sọ́hùn-ún, ó parí. Bí èèyàn ò bá gbé òfin àtijọ́ dání, àfi bí ẹni ń gbọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo lórí fóònù.

Ṣá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti láṣẹ báyìí láti fa irin tiẹ̀ dé Ìsẹ́yìn bó bá wù ú. Owó irin nìkan ni àwọn tó kọ àtúnṣe náà gbàgbé láti fi sí i.