Ẹlẹ́ńjìnnì Abẹ́ Máńgòrò

Ẹlẹ́ńjìnnì abẹ́ máńgòrò ni ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan, ará Èkó, tí ó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé tí àwọn irin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn nítorí pé ọ́ìlì ti gbẹ tán, yóò kéde fún tilé-toko pé inú àgbàlá òun ni òun yóò ti fi ọwọ́ ara òun pààrọ̀ rẹ̀. Olè ni gbogbo mẹkáníìkì lójú tirẹ̀; bí ọkọ̀ bá sùn sí ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́jú, afẹ́fẹ́ inú táyà nìkan ni ó dá a lójú pé yóò bá a padà wálé.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ti lò rí ní òkè òkun, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ hàn. Yóò tẹ ẹ́ńjìnnì lára bí ẹni tí ń yan ìbẹ́pẹ, yóò fi ìka kan ọ́ìlì gbóòórùn, yóò sì béèrè iye máìlì tí ó ti sá, ìbéèrè tí kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó lè dáhùn, nítorí pé ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni òǹkà máìlì ń wà, dáṣíbọ́ọ̀dù sì ti kù sí òkè òkun.

Kí a má parọ́, iṣẹ́ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe kékeré. A óò fa ìyókù ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ gbẹ, a óò tú wáyà àti họ́ọ̀sì, a óò sì so ṣéènì-bùlọ́ọ̀kù, ohun èlò oníṣéènì tí a fi ń gbé ẹrù sókè díẹ̀díẹ̀, mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò inú àgbàlá kí a tó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì Toyota Camry onísílíńdà mẹ́rin wúwo ju 100 kílò lọ. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì kan àti ọmọṣẹ́ méjì fi ń wà lábẹ́ igi náà láti àárọ̀, tí rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yóò wá bá wọn lọ́sàn-án, tí gbogbo wọn yóò sì máa jẹ oúnjẹ ìyàwó ọlọ́kọ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni ọlọ́kọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn, ojú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni ó sì sábà máa ń tàn án sí. Bí nọ́ọ̀tì mẹ́rin bá ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, òun ni yóò ṣàlàyé fún mẹkáníìkì pé èènì ni àwọn ará Jàpáàn fi wọ́n ṣe.

Láti ọjọ́ náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde ìnáwó, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ nípa ẹ́ńjìnnì tí ó dá nìkan pààrọ̀. Ohun tí kì í rántí ni pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì yẹ kí a lọ yí i padà ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, tí ó ṣí bọ́néètì, tí nọ́ńbà ara irin kò bá ti inú ìwé mu, tí ó sì béèrè ẹni tí ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, ìgbà náà ni àwọn ará inú ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ mẹkáníìkì, orúkọ bàbá rẹ̀ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.