Oríkì Èéfín, Ọba Bushrod Island

Èéfín, ọmọ Èédú,
Ọmọ ọ̀rá tó jóná lórí ààtàn,
Ọkọ ikọ́, àna ikọ́ fée,
Awọlé-má-kágò!
Ọkọ̀ òkun wọ Freeport, ó sanwó ibùdó;
Ìwọ wọ gbogbo yàrá, o ò san kọ́bọ̀.
Clara Town tìrẹ, Logan Town tìrẹ,
Duala títí dé New Kru Town, ìwọ lo ni wọ́n.
Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ẹrù lẹṣin tí o ń gùn;
Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a máa lu gbẹ̀du fún ọ.

Ẹ wá wò ó ní Duala láàárọ̀:
Ìyá olóúnjẹ fi ọ̀rá ṣáná sí coal pot,
Ó ń fi páálí fẹ́ èédú tútù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Kí ìrẹsì tó hó, o ti kí ọmọ káàárọ̀:
Ojú ń ṣomi, àyà ń ró fíì-fíì.
Ọba tó fẹ́ràn ọmọdé, òtútù àyà lo fi ń ta wọ́n lọ́rẹ!

Akéré-korò!
Èérún rẹ tí wọ́n ń pè ní PM2.5,
Nǹkan bí 30 la ó tò kó tó fẹ̀ tó irun orí kan.
O gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá bí ẹnubodè,
O bá ẹ̀jẹ̀ rìn, o dé ọkàn, o dé ọpọlọ;
Àrùn ọkàn ni Ọ̀tún rẹ, rọpárọsẹ̀ ni Òsì.
Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìwọ àti ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ yòókù ń rán nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 ènìyàn sọ́run lọ́dọọdún.
Ológun wo ló jù ọ́ lọ?

Ṣùgbọ́n kò sọ́ba tí kò léèwọ̀.
Ẹ jẹ́ n ka ti Kábíyèsí, kí aráàlú má baà ṣèèṣì ṣẹ̀ ẹ́:
Èédú gbígbẹ, èèwọ̀!
Ká dáná ní gbangba, ká gbé ọmọ jìnnà síná, èèwọ̀!
Ká má sun ọ̀rá, ká má sun ike, èèwọ̀!
Ká gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, ìwọ̀sí gbáà ni.
Lálẹ́ òjò, ohun tó wù ú ni ká gbé coal pot wọ yàrá, ká tilẹ̀kùn,
Kí Àrẹ̀mọ rẹ̀, carbon monoxide, lè wá sùn tì wá:
Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó bá a sùn lè má jí.

Yéè! Ìyá olóúnjẹ ti gbọ́ èèwọ̀.
Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókèèrè;
Ó ju ọ̀rá nù, ó wá èédú gbígbẹ, ó sún coal pot síta.
Kábíyèsí, níbo lẹ̀ ń sáré lọ?
A ò tí ì kì yín tán!