Oríkì Windows Àjí-má-jí-tán

Kábíyèsí, Windows Àjí-má-jí-tán, ọmọ Redmond ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Microsoft fìdí kalẹ̀ sí, àbúrò Windows XP tí ó jáde ní ọdún 2001 tí àwọn tó ṣe é kò sì jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2014! Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà wárí fún ètò ìṣiṣẹ́ yìí, ìyẹn ètò àgbà tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé dìde kí ètò mìíràn tó ráyè ṣe ohunkóhun, àgàgà nígbà tí ó bá bàjẹ́. Nítorí pé nígbà tí ara rẹ̀ le, kò sẹ́ni tí í kí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí fáìlì kan ṣoṣo bá daṣẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín yóò fi oorun sílẹ̀, yóò jókòó tì í di àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò sì máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ayí-bírí-má-dé-ibì-kan ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn àmì róbótó tí ń yí po lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbìyànjú àtijí, tí ilẹ̀ fi ń mọ́ tí wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Olójú-aró ni orúkọ rẹ̀ kejì, nítorí ojú búlúù tí ó fi ń pàdé ẹni tí kò tíì tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọdún 2025. Lórí Windows 8 ní ọdún 2012 ni ó sì fi àmì ojú tó fà ro kún un, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣègbé lè mọ̀ pé Kábíyèsí ń bá òun kẹ́dùn.

Ẹbọ tí í kọ́kọ́ gbà ni sfc /scannow, àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú fèrèsé dúdú kan, èyí tí í mú kí Windows yẹ àwọn fáìlì tirẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ẹ̀dà tó wà nípamọ́ rọ́pò èyí tó bá ti yí padà. Nígbà tí àyẹ̀wò náà bá parí, ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jíṣẹ́ pé òun rí fáìlì tó bàjẹ́ ṣùgbọ́n òun kò lè tún àwọn kan ṣe, òtítọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjòyè kò lè sọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ẹ̀dà inú ìpamọ́ gan-an ló bàjẹ́, DISM ni yóò tún wọn ṣe, àṣẹ mìíràn tí ó lè lọ bu ẹ̀dà tuntun wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Microsoft. Dátà ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni yóò sì fi ṣe é, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tún padà tẹ sfc.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan wà tí wọ́n ní kí wọ́n kúkú fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu dísìkì náà mọ́ pátápátá, kí wọ́n sì ti orí fláàṣì gígábáìtì 8 gbé Windows tuntun wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ tí kì í sábà tó wákàtí kan lórí dísìkì SSD. Wọn kò ṣírò ohun tó kù lẹ́yìn wákàtí náà: gbogbo ètò tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kíbọọ̀dù tí wọ́n fi ń ta àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, àti dírẹ́ífà, ètò kékeré tí í jẹ́ kí Windows àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà gbédè ara wọn. Bí dírẹ́ífà Wi-Fi bá wà lára èyí tó sọnù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ lọ wá a, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyìn rẹ̀ kárí ayé ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí fáìlì alábùkù kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tí ń ta ètò ààbò, dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dùbúlẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Kábíyèsí, ṣùgbọ́n ojú aró rẹ̀ ni wọ́n rí ní pápákọ̀ òfurufú. Fọ́ọ̀máàtì kọ́ ló wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn. Wọ́n gbé wọn dìde ní safe mode, ìyẹn ìdìde tí kò gbé ju ohun kòṣeémánìí lọ, wọ́n sì pa fáìlì kan ṣoṣo náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló wọlé, àtúnṣe di ìpọ́nni lásán, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè búra fún fáìlì èyíkéyìí mọ́, fọ́ọ̀máàtì ló sì tọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé tuntun wọlé láìnu dísìkì náà kò tíì rọ Kábíyèsí lóyè: inú fódà kan tí ń jẹ́ Windows.old ni yóò kó sí, yóò sì jókòó sórí ọ̀pọ̀ gígábáìtì, Awàjà-má-kúrò-láàfin, tí arọ́pò rẹ̀ yóò máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.