Díákónì Pàgọ́ Sétí Omi

Ní òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day, ẹ máa bá a létí adágún Lanier, lókè Atlanta, ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ìpàgọ́ tó wà lápá Forsyth. Àkáńtáǹtì ni, díákónì ni, ó ti lé lógún ọdún ní Georgia, ó sì ti kéde fún gbogbo ìjọ pé òun ń lọ sinmi. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ló fi jí ṣọ́ ìkànnì Recreation.gov kó tó rí àyè gbà. Ìlà físà tó tò lÉkòó ló kọ́ ọ ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ rẹ̀: kúlà mẹ́ta, ìkòkò ìnáwó kan, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n so mọ́ búùtù bí àgbò iléyá. Iná wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tó gbà, tọ̀sán-tòru, owó rẹ̀ sì ti wà nínú ohun tó san. Kò gbà á gbọ́. Ẹni tí NẸ́PÀ tọ́ dàgbà kì í fọkàn tán òpó iná.

Kí wọ́n tó gún èèkàn kan, òróró á ti kan ilẹ̀: ólífì Goya, ìgò kékeré, ó fi eyín ṣí ìdérí. Ó ta á sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó dúró síbi tí ìgbì ò ti lè kan bàtà rẹ̀, ó nawọ́ gbọọrọ, ó da ìyókù sínú omi. Òróró tàn pẹrẹsẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kan là á kọjá, kò mọ̀ pé wọ́n ti de òun.

Ohun tó gbọ́ lórí WhatsApp ló fà á: pé ìlú àwọn dúdú kan wà nísàlẹ̀ adágún náà, pé òru ni omi bò wọ́n, pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì ń dún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1950 ni àwọn ẹnjiníà ológun bẹ̀rẹ̀ dáàmù Buford tí wọ́n fi sé odò Chattahoochee, ìjọba sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí omi tó dé. Oscarville, ìlú tí wọ́n ń sọ náà, ọdún 1912 ni àwọn òyìnbó ti lé àwọn dúdú ibẹ̀, àti ti gbogbo Forsyth, kúrò nílé wọn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí èèyàn ló ṣe é, kì í ṣe iwin. Ṣùgbọ́n díákónì ò ní òróró fún ìyẹn.

Nítorí ohun tó gbọ́ lórí WhatsApp yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó, wọ́n dì í dé ọrùn, wọ́n ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n ń wo ọmọ aládùúgbò tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá wọn wà nídìí gáàsì. Wọ́n ní kó wá sinmi. Kíṣìnì rẹ̀ ni wọ́n gbé wá síbi tí eṣinṣin pọ̀ sí.

Lọ́sàn-án, díákónì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkirè.

"Inú igbó ni mo wà, ẹ̀gbọ́n! Ilẹ̀ la máa sùn!"

"Kí lo ṣe fún wọn tí wọ́n fi lé ẹ nílé?"

"Owó ni mo san, sà."

"O sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó o sùn nílẹ̀?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Tàbí díákónì ló já a, mi ò lè búra.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni òfin ibẹ̀ ní kí ariwo dákẹ́. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni díákónì tó tan jẹnẹrétọ̀. Alábòójútó gun ọkọ̀ gọ́ọ̀fù dé, ọmọbìnrin kékeré kan. Díákónì tó pàṣẹ fún omi láàárọ̀ wá ń pè é ní "mà". Ó pa jẹnẹrétọ̀. Òkùnkùn ṣú, nǹkan ń họ kúlà nínú igbó. Raccoon lásán ni. Díákónì gbé ìrọ̀rí, ó ní òun ń lọ gbàdúrà nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú, ilẹ̀kùn ní títì. Ìyàwó àtọmọ sùn fọnfọn nínú àgọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ìjọ: ọ̀pá ìpẹja lọ́wọ́, omi lẹ́yìn. Ìwọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Kí ìjọ tó kí i tán, ó ti lọ bá alábòójútó: ó fẹ́ gba àyè ti Labor Day, ó ń béèrè bóyá èyí tí wọn ò ti lè rí omi wà.