Mo Ti Lówó Kí N Tó Wọ Ìṣèlú

Bí ẹ bá ń gbé OPIC Estate, tàbí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ láti Ìbàfò dé Mówè, ẹ ti pàdé rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ kankan, nítorí wọ́n pọ̀. Sìmẹ́ǹtì ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ó tibẹ̀ bọ́ sídìí búlọ́ọ̀kù, ó bọ́ sídìí ilẹ̀ títà, kó tó dèrò Òkè-Mósàn l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aṣòfin 26 ti ń ṣòfin fún ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní Bọ̀dá Onísìmẹ́ǹtì mọ́. Ọnárébù ni.

Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè bi í tí èsì rẹ̀ yóò yàtọ̀: "Mo ti lówó kí n tó wọ ìṣèlú." Ẹ bi í nípa títì, ó ti lówó tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í nípa tiransifọ́mà tó jó, ó ti lówó tẹ́lẹ̀. Níbi ìkómọ, kó tiẹ̀ tó di pé ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan kan, ó ti gba máìkì: àpò ara rẹ̀ ló ti bu owó ìrẹsì, owó àpò ara rẹ̀ ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, owó àpò ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ kànga. Àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lára ìrẹsì, ó ń rẹ́rìn-ín lára ẹ̀rọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín lára táǹkì tí kò sí omi nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì ti kógbá wọlé, àpò kò yéé wú. Olówó àtijọ́ yìí náà ló sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìsàlẹ̀ kó tó rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà.

Ta ló bẹ̀ ẹ́ lówó? Iṣẹ́ aṣòfin la ní kó ṣe. OPIC tí à ń fi pe ilé wa, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Abala 128 àti 129 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ilé aṣòfin lágbára láti tú ìwé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n sì pe ẹni tó bá yẹ wá jẹ́rìí. Ọnárébù kò béèrè ìwé kankan rí. Ọkùnrin tí máìkì kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi àríyá, "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló ń sọ tó bá dé Òkè-Mósàn.

Lọ́dún 2016, Ògùn ṣòfin pé ẹni tó bá fipá gbalẹ̀ onílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 25. Síbẹ̀, ní Mówè àti Ifọ̀, ẹni tó fowó rẹ̀ ralẹ̀ ṣì ń san owó fáúndéṣọ̀n fọ́mọ onílẹ̀, ó tún ń san owó òrùlé. Ẹ ò ní gbọ́ òfin yẹn lẹ́nu Ọnárébù. Ó ti bá àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ṣòwò rí, àwọn náà ló sì ń tẹ̀ lé e kiri lọ́jọ́ ìbò. Ojú ò tì í.

Ìbò 2027 ń bọ̀, ìrẹsì náà ń bọ̀. Ẹ gbà á, owó yín ni. Ṣùgbọ́n kó tó wọ jíìpù rẹ̀ padà, ẹ bi í: àbá òfin wo ló ti gbé síwájú ilé láti ọdún 2023?