Tábìlì Nínú Aṣálẹ̀

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Robert O'Hara Burke. Kò mọ aṣálẹ̀ rárá, àmọ́ òun ni wọ́n ní kó ṣáájú àwọn tó fẹ́ la ilẹ̀ Ọsirélíà já láti gúúsù dé àríwá. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1860, wọ́n gbéra ní Melbourne, tàwọn ti ràkúnmí 26 àti nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù ẹrù. Ẹ wá wo ẹrù o: tábìlì ńlá, àga, agogo àwọn ará Ṣáínà. Àbí òde ìnáwó ni wọ́n ń lọ ni? Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tiẹ̀ ti dá kí wọ́n tó kúrò lójú agbo. Ìlú Menindee tó wà lójú ọ̀nà wọn, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó lẹ́tà máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan lé díẹ̀ nígbà yẹn, oṣù méjì ni baba ìrìn-àjò wa fi dé ibẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn mẹ́rin péré nínú wọn, títí kan Burke, ló dé ìhà àríwá, John King nìkan ló sì padà sílé láàyè nínú àwọn mẹ́rin náà. Àwọn Yandruwandha, àwọn tó ni ilẹ̀ náà, ló gbà á tọ́jú, tí wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ. Wọn ò ní tábìlì.